Diagnostics Pack Oracle: ẹ ṣírò owó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Sáfà-ò-sùn: Ẹ̀yin ará, dátábéèsì nìkan kọ́ ló ń jẹ owó nídìí Oracle. Tí ẹ bá ti gbé Enterprise Edition, ẹ̀dà Oracle tó ga jù, sórí sáfà, Diagnostics Pack (irinṣẹ́ tó ń wá ohun tó ń fa ìdádúró) àti Tuning Pack (èyí tó ń dábàá àtúnṣe SQL) ti bá a wọlé, wọ́n sì ti wà ní títàn. Kò ní béèrè kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ yín, kò sì ní kìlọ̀. Ẹ ṣáà lo awrrpt.sql (tó ń gbé ìròyìn AWR, àkọsílẹ̀ bí dátábéèsì ṣe ń ṣiṣẹ́, jáde) lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ẹ ka V$ACTIVE_SESSION_HISTORY (ASH, àkọsílẹ̀ ohun tí session kọ̀ọ̀kan ń ṣe), láísẹ́ńsì ti di dandan. Irinṣẹ́ ìmójútó tí ẹ rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ńkọ́? Tó bá ń ka ASH lábẹ́lẹ̀, owó Oracle ṣì wà lọ́rùn yín.

Ìyá Dátà: Owó náà rèé. Diagnostics jẹ́ $7,500 fún prosẹ́sọ̀ kan nínú ìwé iye owó Oracle, Tuning jẹ́ $5,000. Ẹ mú sáfà Intel tó ní core 16. Ìdajì iye core la máa ń kà fún Intel, ó di prosẹ́sọ̀ 8. Diagnostics $60,000, Tuning $40,000: $100,000 géérégé, kí ẹ tó dúnàádúrà. Support tún ń gba 22% lọ́dọọdún, ìyẹn $22,000. A ò tíì ka Enterprise Edition fúnra rẹ̀ o! Ẹ ò lè ra Tuning láìní Diagnostics, ẹ ò sì lè ra pack fún core díẹ̀ lára sáfà. Iye tí ẹ kà fún dátábéèsì náà lẹ ó kà fún pack.

Ọmọ Ìlọrin: Ẹ̀gbọ́n, àwa tó ń lo SE2 (Standard Edition 2, ẹ̀dà tó rẹlẹ̀ sí Enterprise) ńkọ́?

Sáfà-ò-sùn: Àbúrò, wọn kì í tà á fún SE2 rárá. Ẹ rí i dájú pé ó wà ní pípa:

ALTER SYSTEM SET control_management_pack_access='NONE' SCOPE=BOTH;

Ẹ ò ní tìtorí èyí pa dátábéèsì kí ẹ tún un tàn. Àmọ́ NONE kì í dí ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ SELECT sí àwọn view DBA_HIST (ibi tí ìtàn AWR wà), kì í sì í pa ìtàn àtẹ̀yìnwá rẹ́. DBA_FEATURE_USAGE_STATISTICS, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ti lò, ni àwọn olùyẹ̀wò láísẹ́ńsì Oracle máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ wo DETECTED_USAGES àti LAST_USAGE_DATE níwájú "AWR Report", "SQL Tuning Advisor" àti "Real-Time SQL Monitoring" kí wọ́n tó dé.

Ìyá Dátà: Statspack, irinṣẹ́ ìwọn iṣẹ́ tó bá Oracle wá, ni kí ẹ fi rọ́pò Diagnostics Pack, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọlé bíi SYSDBA, ẹ lo spcreate.sql tó wà ní $ORACLE_HOME/rdbms/admin. Tó bá béèrè tablespace (ibi tí dátà ń gbé) fún PERFSTAT (user tó ni Statspack), ẹ fún un ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Spauto.sql máa ń ya snapshot (àkọsílẹ̀ ipò dátábéèsì lásìkò náà) ní wákàtí kọ̀ọ̀kan; tí job_queue_processes (iye job tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) bá jẹ́ 0, kò ní ya nǹkan kan. Spreport.sql ló ń gbé ìròyìn jáde. Kì í palẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀ o: ẹ máa lo sppurge.sql, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tablespace á kún. Kò ní ASH, nítorí náà ìdádúró ìṣẹ́jú méjì máa ń pòórá sínú ìṣirò wákàtí kan. Ẹ dín àlàfo snapshot kù sí ìṣẹ́jú 15 lásìkò tí iṣẹ́ bá pọ̀.