Ṣé ayédèrú ni lọ́fíńdà mi, àbí bó ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyàwó mi ra Terre d'Hermès fún mi lọ́jọ́ ìbí mi. Bí mo bá fín in láàárọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí omi èèpo rẹ̀ ta sí mi lójú. Inú mi a dùn! Àmọ́ kí ọkọ̀ ojú omi wa tó ti Ìpakódò dé Falomo, ọsàn ti lọ. Ó ku òórùn pákó tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, àti ti ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Tó bá di ọ̀sán, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ni mo bá ń fín in lẹ́ẹ̀mẹjọ kí n tó jáde. Lánàá, obìnrin tó jókòó tì mí fi ìborùn bo imú títí a fi gúnlẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún ìyàwó mi ni? Mi ò fẹ́ bi í, kó má baà rò pé mi ò mọyì ẹ̀bùn rẹ̀.

Onílọ́fíńdà, Sábó: Ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan, sà. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yẹn gan-an ni Terre. Láti 2006 tí Jean-Claude Ellena ti pò ó, ọsàn àti grépù ló ń ṣíwájú; igi kédárì àti vetiver, gbòǹgbò koríko kan, ló ń gbẹ̀yìn. Òróró èèpo ọsàn fúyẹ́, kíá ni ooru ara ń gbé e lọ. Ti igi wúwo, ó máa ń pẹ́ lára. Èyí tí kò bá yí padà rárá, tó kàn ń run sípíríìtì, ni èmi máa ń fura sí.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó: Imú yín ló ti mọ́ ọn lára, bọ̀dá mi. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, àmọ́ àwọn ọmọ mi á ti mọ̀ pé mo dé kí n tó kanlẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ti pọ̀ jù láàárín èrò o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun, mà. Ọsàn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, orí omi ló sì ń parí sí.

Onílọ́fíńdà, Sábó: Ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò kékeré. Tí ẹ bá bọ́ láìfù jákẹ́ẹ̀tì ní Falomo, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan. Nílé, ẹ kọ́kọ́ fi ìpara tí kò ní òórùn pa àyà àti ọrùn, tí ẹ bá sì ti fín lọ́fíńdà lé e, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ gbé ìgò náà kúrò lójú oòrùn, torí ọsàn yẹn ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́.

Bàbá Akọ̀wé: Èmi o, òórùn igi yẹn ni mo fi ra tèmi. Tí mo bá ń lọ òde alẹ́, mo máa ń tètè fín in kí ọsàn ti lọ kí n tó débẹ̀. Ẹ má fín in sí agbádá funfun o, ó lè fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti bi ìyàwó mi bóyá ó ṣì ń gbọ́ ọ. Ó na ṣẹ́ẹ̀tì tí mo bọ́ lánàá sí mi, ó ní òun ò tíì fọ̀ ọ́ nítorí òórùn rẹ̀.