Ọ́ìlì kọ́ndẹ́ẹ̀mù ti kún gálọ́ọ̀nù 5 lẹ́yìn ilé mi, n kò sì fẹ́ dà á sílẹ̀

Ará Ìgbógbó:

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Kórópè méjì ni mo ní. Èmi ń wa ọ̀kan láti Sábó sí Ìgbógbó, àbúrò ìyàwó mi ń wa èkejì. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì wọn nínú ọgbà, torí owó iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn. Iṣẹ́ náà kò le: n ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, n ó ti báàfù sábẹ́ rẹ̀, n ó tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì dúdú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wálẹ̀. Bíi lítà 3 ló ń jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí n ó kó ọ́ìlì àlòkù yìí, tí a ń pè ní kọ́ndẹ́ẹ̀mù, sí ni n kò mọ̀. Gálọ́ọ̀nù oní-lítà 5 márùn-ún ló ti kún lẹ́yìn ilé ìdáná. Ike kan tún wà níbẹ̀ tí mo da omi rédíétọ̀ aláwọ̀ ewé sí, àti ìgò kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì wà nínú rẹ̀. Aládùúgbò mi kan, àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, ní kí n da gbogbo rẹ̀ sí ìdí ògiri yí ilé ká: pé koríko á kú, ejò ò sì ní wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n kànga mi kò ju ìṣísẹ̀ 15 lọ sí ògiri yẹn, yanrìn sì ni ilẹ̀ ibí. Omi tí ẹ bá dà sílẹ̀, kí ẹ tó bojú wẹ̀yìn, ilẹ̀ ti mu ún.

Mo ti rí èyí rí ni ẹ̀rù fi ń bà mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀dẹ́, ẹnì kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe gba ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Kòtò kan ló gbẹ́ sẹ́yìn ògiri, ibẹ̀ ló ń da ọ́ìlì dúdú sí. Ọdún kìíní, a ò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ìyá mi fa omi lóru ọjọ́ kan láti fi rẹ gàárì fún wa, gàárì náà sì ń rùn bí abẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ mọ́, a wo inú korobá: àwọ̀ bí òṣùmàrè tẹ́ sójú omi, ó ń yí, tí ẹ bá fi ìka kàn án á pín, á tún padà wá pàdé. Ìyá mi da álọ́ọ̀mù sí i, omi tòrò, òórùn ò lọ. Bàbá mi gbẹ́ kànga náà jinlẹ̀ sí i, òórùn ò lọ. Níkẹyìn a fi kankéré dé e, a sì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà títí mo fi kúrò nílé. Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga yẹn. N kò gbàgbé ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń po kankéré.

Torí náà, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ń gbé nǹkan wọ̀nyí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Ọmọ Ágíríìkì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń da ara yín láàmú. Ẹ rọra dà á sínú sokawéè. Bàbá wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ayé wọn, ẹ̀fọn kì í sì í yọ wá lẹ́nu.

Ará Ìgbógbó:

Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Òótọ́ ni pé ọ́ìlì lójú omi ń pa ọmọ ẹ̀fọn, torí kì í jẹ́ kí wọ́n rí èémí mí. Ṣùgbọ́n omi inú sokawéè, ilẹ̀ ló ń mu ún, ilẹ̀ kan náà tí mo gbẹ́ kànga sí. Mi ò lè ṣe é. Àwọn ọmọ mẹ́ta ló ń mu omi yẹn.

Mẹkáníìkì Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́, inú mi dùn pé ẹ béèrè. Ọjà ni ọ́ìlì tẹ́ ẹ kó jọ yẹn. Àwọn kan wà tó ń yí ọ̀dọ̀ àwa mẹkáníìkì ká, dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ra kọ́ndẹ́ẹ̀mù. Àwọn tó ń la gẹdú ń kán an sí ṣéènì ẹ̀rọ wọn, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù fi ń pa inú mọ́ọ̀dù kí búlọ́ọ̀kù má baà lẹ̀, káfíńtà fi ń kun igi òrùlé nítorí ikán, àwọn iléeṣẹ́ kan sì ń fi dáná sí ìléru wọn. Èyí tó dára jù ni kó dé ọwọ́ àwọn tó ń sè é, tí wọ́n ń yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀, kó lè padà di ọ́ìlì tí èèyàn á rọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á ibi tó ń gbé e lọ. Èmi máa ń béèrè.

Ṣùgbọ́n wọn kì í ra àdàlú o! Ẹni tó ń ra tèmi, bó bá dé, á ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú gálọ́ọ̀nù dé ìsàlẹ̀, á fà á yọ, á kán ẹ̀kán kan sórí irin gbígbóná. Bí kò bá sí omi nínú rẹ̀, èéfín lásán ló máa rú. Bí omi bá wà níbẹ̀, á máa ta pàrà-pàrà bí ìgbà tí iyọ̀ bọ́ sínú iná. Kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Torí náà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, omi rédíétọ̀ lọ́tọ̀, ọ́ìlì bíréèkì lọ́tọ̀. Ẹ má da bẹntiróòlù sí èyíkéyìí nínú wọn, iná ni ẹ ń pè.

Fílítà ńkọ́? Ẹ má jù ú sí àkìtàn bó ṣe ń kán. Ẹ fi ìṣó lu ihò sí orí rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí báàfù di ọjọ́ kejì. Ohun tó máa jáde nínú rẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn irin ni, àwọn tó ń ra irin àlòkù á gbà á.

Omi rédíétọ̀, bó bá jẹ́ họ́ọ̀sì nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀, tí omi náà ṣì mọ́, ẹ gbé báàfù mímọ́ sábẹ́, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á padà.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Báyékù:

Ọmọ mi, Olúwa á bù kún ọ. Ẹja ni mo ń tà. Gbogbo gọ́tà tí ẹ ń rí yẹn, ọ̀sà ló ń bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, mo máa ń rí ọ́ìlì dúdú yìí létí omi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọ̀n ọkọ mi á dúdú, ọṣẹ ò ní bó o. Edé tó bá gba ibẹ̀ kọjá, oníbàárà á gbé e sí imú, á sì dá a padà sínú agbọ̀n mi. Ẹ bá mi sọ fún àwọn yòókù.

Tíṣà Kẹ́mísírì:

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì sọ péye, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ lórí ike omi rédíétọ̀ yẹn. Ẹ tètè gbé e kúrò nílẹ̀. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ethylene glycol ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì máa ń dùn lẹ́nu. Ajá á lá a, ewúrẹ́ á lá a, ọmọdé á mu ún. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń pa ajá. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ẹ dé e pinpin, ẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó. Ọ́ìlì bíréèkì náà, májèlé ni, ó sì ń bó ọ̀dà ara ọkọ̀.

Lórí ọ́ìlì dúdú: EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ pé ọ́ìlì tí a yọ nínú ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba omi mímu tó tó gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 1 jẹ́. Gálọ́ọ̀nù tiwọn kò pé lítà 4. Ẹ má sì jẹ́ kó máa pẹ́ lára yín. Àwọn èròjà kan ń kó jọ sínú rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n lè fa jẹjẹrẹ awọ fún ẹni tó bá ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó ń fi ọ́ìlì náà pa ajá lára nítorí èkúkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró, ajá ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀ ni.

Bó bá dànù, ìyẹ̀fun pákó tàbí yanrìn gbígbẹ ni kẹ́ ẹ dà lé e, kẹ́ ẹ gbá a sínú nylon. Bí ẹ bá fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ kàn ń ràn án lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ màmá ẹlẹ́ja ni. Ẹ má sì fi gálọ́ọ̀nù sínú ìdọ̀tí tí àwọn akódọ̀tí PSP ń kó. Ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn á tẹ̀ ẹ́ fọ́, á máa jò lójú títì. LASEPA ni àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó irú nǹkan báyìí. Ọ̀dọ̀ wọn lẹ lè wádìí ẹni tó níwèé àṣẹ láti kó o.

Ará Ìgbógbó:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti padà dé. Mo gbé gálọ́ọ̀nù márààrún lọ sí Ìta-Ẹlẹ́wà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ẹ ṣeun gan-an. Ojú mi báyìí ni ẹni tó ń rà á kán an sórí irin. Mẹ́rin rú èéfín, ó rà wọ́n, owó náà ra fílítà tuntun fún mi. Ìkarùn-ún ta pàrà-pàrà. Mo rántí lójú ẹsẹ̀: àbúrò ìyàwó mi ló ṣan báàfù tí ó sì da omi ìṣanbáàfù sí i. A ti bá ara wa sọ ọ́.

Mo ti fi ọ̀dà funfun kọ ÀDÀLÚ sí i lára. Ó wà lórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ òrùlé, òun àti omi rédíétọ̀ àti ọ́ìlì bíréèkì, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Aládùúgbò mi bi mí ìdí tí mo fi ń tọ́jú ìdọ̀tí bí owó. Mo mú un dé etí kànga mi, mo fa omi, mo fún un mu, mo sì ròyìn kànga bàbá mi fún un. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun wá gálọ́ọ̀nù tó ní ìdérí.

Mẹkáníìkì Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ẹ jẹ́ kí àdàlú yẹn jókòó sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má mì ín. Omi á lọ sísàlẹ̀, ọ́ìlì á léfòó. Bí ẹ bá máa gbé e bọ̀, ẹ rọra, kó má dàrú padà. A ó fa ti òkè sínú gálọ́ọ̀nù mìíràn, a ó sì tún un kán wò. Omi ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ má dà á nù o, inú ike rẹ̀ ni kó wà. Ẹ gbé ti aládùúgbò yín náà dání.