Ehoro ara páálí ìpara: èwo la lè gbà gbọ́?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìpara àti ọṣẹ tí wọn ò dán wò lára ẹranko ni mo ń wá ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Páálí kan ya ehoro, òmíràn kọ "cruelty free" (pé wọn ò fìyà jẹ ẹranko), òmíràn "vegan" (pé kò sí ohun ara ẹranko nínú ẹ̀). Èwo ni kí n tẹ̀lé? Bílíìsì ìfọṣọ ńkọ́?

Ọlọ́ṣẹ: Ta ni ò lè ya ehoro? Àmì Leaping Bunny lẹ́ẹ máa wá, ehoro tó ń fò. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ẹ á dá ọjọ́ kan, pé láti ọjọ́ náà lọ, àtàwọn o, àtàwọn tó ń ta èròjà fún wọn o, wọn ò ní dán nǹkan wò lára ẹranko mọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un fọwọ́ sí, àwọn ará ìta sì ń wá tú ìwé wọn wò. Èròjà yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ní òun ò dán ìpara òun wò lára ẹranko lè má parọ́, kó jẹ́ pé ẹni tó ta èròjà fún un ló ti kán an sójú ehoro. Ti PETA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko, fúyẹ́ jùyẹn lọ: ilé-iṣẹ́ á fọwọ́ síwèé, kò sí ará ìta tó ń wá tú ìwé wò.

Ìyá Aláró: "Vegan" ò sọ nǹkan kan nípa ìdánwò, ohun tó wà nínú ọjà ló ń sọ. CI 75470, nọ́mbà aró kan nínú lipstick pupa, kòkòrò ni wọ́n lọ̀ síbẹ̀. "Sodium tallowate" lára ọṣẹ, ọ̀rá ẹran ni. Lanolin, ara irun àgùntàn ló ti wá. Ọjà lè ní ehoro tòótọ́ kó sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá sì fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín láti ilé, nọ́mbà NAFDAC ò ní í sọ ti ẹranko fún yín.

Ọlọ́ṣẹ: Ti bílíìsì: òfin tí EU fi ka ìdánwò lára ẹranko léèwọ̀, tí wọ́n parí ní oṣù kẹta 2013, ohun ìṣaralóge nìkan ló kàn. Kẹ́míkà inú bílíìsì àti ọṣẹ ìfọṣọ, òfin mìíràn ló ń darí wọn, ìyẹn sì ṣì lè béèrè ìdánwò. Leaping Bunny ń fún ohun ìtọ́jú ilé náà lámì, àmọ́ ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni. Ẹ má rò pé ìpara ilé-iṣẹ́ kan tó ní àmì ti gba ti ọṣẹ ìfọṣọ wọn.

Akin: Ẹ wo Ṣáínà pẹ̀lú. Láti 1 oṣù karùn-ún 2021, ìpara lásán tó wọlé láti òkè òkun lè bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò, bí ìwé ilé-iṣẹ́ bá pé. Aró irun, ìpara ìbóra àti ti oòrùn ò sí nínú ìyẹn. Àmọ́ "Made in China" lára páálí kì í ṣe ẹ̀sùn o: ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fún títà síta, wọn ò fi dandan dán an wò.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé o. Ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ò ní àmì rárá ńkọ́?

Akin: Ẹ kọ ímeèlì sí wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn tó ń ta èròjà fún wọn ti kọ̀wé sílẹ̀, àti bóyá wọ́n ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ṣáínà. Bí ìdáhùn bá ní "except where required by law" (àyàfi níbi tófin bá ti béèrè ẹ̀) nínú, ẹ gbé ọjà náà padà sórí pẹpẹ.