Báwo ni mo ṣe lè darí ojú àwọn òǹwòran nígbà tí mo bá ń pidán?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ idán pípa, mo kí yín o. Idán owó ẹyọ kan ló ń dà mí láàmú. Mo máa ń fi ìka ọwọ́ òsì mú owó náà sókè, n óò ṣe bí ẹni ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ṣùgbọ́n n óò jẹ́ kó rọra já sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì, kó fara pamọ́ síbẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn dáadáa, àmọ́ dípò kí àwọn òǹwòran máa wo ọwọ́ ọ̀tún tí mo dì, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń tẹjú mọ́.

Mo mọ̀ pé ibi tí apidán bá ń wò ni àwọn èèyàn sábà máa ń wò, àti pé bí ó bá bi wọ́n ní ìbéèrè, ojú rẹ̀ ni wọn yóò wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo fídíò ara mi, mo rí i pé ojú mi máa ń sáré padà sí ọwọ́ òsì gẹ́lẹ́ tí owó náà bá já, èjìká mi náà á sì le gan-an.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí ojú mi kọ́kọ́ lọ ni, kí ọwọ́ ọ̀tún tó tẹ̀lé e, àbí kí méjèèjì jọ gbéra? Ṣé kí owó tó já ni kí n bi wọ́n ní ìbéèrè, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tó bá ti borí irú ìṣòro yìí, mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ bí ó ṣe fi dánra wò fún mi.