Ìmọ̀ràn: àyẹ̀wò àwòrán ọpọlọ wo ni kí a béèrè fún ọmọ tí wárápá ń mú?

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera. Wárápá ń mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7. Ó ti lo oògùn méjì láìpa á jẹ, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fò, igun ẹnu rẹ̀ yóò wá fà sí òsì, kí gbogbo ara tó gbọ̀n. Wọ́n ya àwòrán MRI, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì yà, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ṣé kí a tún un yà ni, àbí kí a wá owó PET, àwòrán tó ń fi bí ọpọlọ ṣe ń lo ṣúgà hàn?

Ayàwòrán Ara:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Àdùkẹ́. Ẹ má tíì náwó sórí PET. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú MRI tí wọ́n ṣe. Nínú èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, àlàfo sábà máa ń wà láàárín àwòrán kan àti èkejì, ohun kékeré sì lè bọ́ síbẹ̀. Ìlànà HARNESS fún yíya MRI ẹni tí wárápá ń mú, tí ILAE, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń gbógun ti wárápá, gbé jáde lọ́dún 2019 ní kí àwọn àwòrán tó ṣe kókó jù fẹ́lẹ́ bíi mìlímítà 1, láìsí àlàfo, ẹ̀rọ tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ Tesla 3 ló sì dára jù bí ẹ bá rí i. Ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ òsì, ibi tó ń darí ọwọ́ àti èyí tó ń darí ojú sì múlé gbe ara wọn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ìdàrúdàpọ̀ náà ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ dókítà kí ó kọ ọ́ sínú ìwé tí yóò fi rán yín wá, kí ẹni tí yóò ka àwòrán lè tẹjú mọ́ ibẹ̀: ibi tí èèpo ọpọlọ kò ti tò dáadáa láti inú oyún lè má tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ láti ìgbà tí àtàǹpàkò bá ti ń fò, kí ẹ sì béèrè EEG (àyẹ̀wò iná mànàmáná inú ọpọlọ) tó ní fídíò. Bí wọ́n bá ní kó má jẹun nítorí oògùn oorun tí wọn yóò fún un kí wọ́n tó ya MRI, ẹ béèrè bí yóò ṣe lo oògùn wárápá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má fúnra yín dá a dúró.

Bàbá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:
MRI ọmọ tiwa náà kò kọ́kọ́ fi nǹkan kan hàn. PET ló fi hàn pé ibì kan ní apá òsì kò lo ṣúgà tó bí ó ti yẹ, wọ́n padà wo MRI níbẹ̀, wọ́n sì rí àbùkù náà. Fún SPECT, àwòrán tó ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lọ nínú ọpọlọ hàn, nọ́ọ̀sì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ ti wà lára okùn omi ọwọ́ ọmọ, kí ó lè tì í wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí wárápá bá bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti 2012 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ya àwọn ilé ìwòsàn kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ abẹ wárápá ọmọdé. Ìyá wa, ẹ gba àwòrán náà gan-an sórí CD, kì í ṣe ìwé èsì nìkan, kí dókítà wárápá mìíràn lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.