Ọmọ mi ní òun ò bá màmá inú fóònù sọ̀rọ̀

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nígbà tí ayé mi yí padà tọ́kàn mi dàrú, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń sunkún nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ báyìí tó rò pé orí òun ti ń dàrú.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo bá wá sí England lọ́dún 2024. Àdéhùn wa ni pé kí n kọ́kọ́ lọ, kí bàbá wọn àtọmọ wá bá mi. Àfi bíjọba ibí ṣe ní láti March 11 ọdún yẹn, ẹni tó bá gba físà iṣẹ́ yìí ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́, ìwé tèmi sì wọlé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. A ti jẹ gbèsè, mi ò lè ní mi ò lọ mọ́. Mo fi ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ lọ́dọ̀ màámi l'Óṣogbo.

Oṣù kejì ni oorun dá lójú mi. Tí mo bá ti iṣẹ́ òru dé, màá kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ títí di ọ̀sán. Àyà mi á máa já. Mo gbé omi ẹ̀bà kaná, omi gbẹ tán, ìkòkò dúdú, mo wà ní kíṣìnì yẹn náà o, mò ń wò ó. Ìgbà tí mo wá pe ilé lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn, ó ní "mi ò bá màmá inú fóònù sọ̀rọ̀, ẹ ní kó wálé."

Màámi ní ayé ni, wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì bá wọn jiyàn, àdúrà yẹn gbé mi ró. Ṣùgbọ́n ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní adjustment disorder ni, pé nǹkan ńlá yí padà láyé èèyàn, ọkàn ò tíì ríbi fìdí lé, ìdààmú ẹ̀ wá pọ̀ débi pé èèyàn ò lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ mọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta ló máa ń yọjú, tí ohun tó fà á bá sì ti rọlẹ̀, kì í sábà ju oṣù mẹ́fà lọ. Mo sunkún níwájú ẹ̀ torí pé ohun tó ń ṣe mí lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni ìtọ́jú ẹ̀. Ní England níbí èèyàn lè fúnra ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Obìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní kí n kọ gbogbo ohun tó ń dùn mí, kí n fa ìlà sábẹ́ èyí tápá mi ká. Òfin, apá mi ò ká a. Àsìkò tí mò ń pe ọmọ, apá mi ká a. Àárọ̀ ni mo máa ń pè, ó ti rẹ èmi, òun ń múra iléèwé. Mo yí i sí alẹ́ kó tó sùn, mi ò bi í mọ́ pé ṣó ti jẹun, àlọ́ Ìjàpá ni mò ń pa fún un. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fúnra ẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ màámi, ó ní "Ààlọ́ o!"

---

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Abẹ́òkúta níbí ni tèmi. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù mi torí títì, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ta páàtì mọ́tò níbẹ̀. Èmi ò sunkún o, ìbínú ni, àti ọtí láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìyàwó mi ní ká lọ Aro, ọsibítù ọpọlọ tó wà níbí, mo ní ṣé wèrè ni mí? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó sínú mọ́tò lẹ́bàá géètì, mò ń wò bóyá ẹni tó mọ̀ mí ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ ibi tá a fi ń bú ara wa yìí, látọdún 1954 ni Dókítà Lambo tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ nígbà yẹn ti ń jẹ́ káwọn aláìsàn gbé láàárín àwọn ará abúlé ìtòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Wọ́n fún mi ní oògùn oorun ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní òun kọ́ ló máa yanjú ẹ̀, kíyàwó mi bá mi wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbèsè kọ́operétíìfù tí mo ti ń fi pa mọ́ fún un. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lo oògùn kí n tó sùn.

---

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kéèyàn kàn máa fara dà á títí oṣù mẹ́fà á fi pé ni?

---

Rárá o, àbúrò mi. Má dá a gbé. Tó bá sì ń wá sí ẹ lọ́kàn pé ó sàn kó o kú, má ka oṣù kankan, ọjọ́ yẹn náà ni kó o sọ fún ẹnì kan kó mú ẹ lọ sọ́síbítù. Tó bá jẹ́ England lo wà, pe 111, nọ́ńbà ìlera NHS, kó o tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ibo lo wà báyìí? Kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mi ò lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ òní.