Class database kan ṣoṣo fún ìkànnì ẹgbẹ́ méjì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Dublin
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Wọ́n ti gbé ìkànnì regbẹ́regbẹ́ wa lé mi lọ́wọ́: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó oṣooṣù, owó aṣọ Ojúde Ọba. PHP (èdè tí a fi kọ ojú ewé) àti MySQL (database, ibi tí orúkọ àti owó wà) ni. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló ń dá so mọ́ database, páásíwọ́ọ̀dù sì wà nínú gbogbo fáìlì. Àwọn ará Ìpẹru tó wà níbí náà ń fẹ́ irú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè kọ class kan (àkójọ kóòdù tí a lè tún lò) tí ẹgbẹ́ méjèèjì á jọ máa lò?

Ọmọ Ṣàgámù, Manchester
Àbúrò, bí o bá rí mysql_query, àṣẹ àtijọ́ tí PHP fi ń bá MySQL sọ̀rọ̀, níbẹ̀, yọ ọ́ dànù. Láti PHP 7.0, ní ọdún 2015, ni wọ́n ti mú un kúrò. PDO, irinṣẹ́ tí PHP fi ń bá database sọ̀rọ̀, ni kí o lò.

Class náà kò gbọdọ̀ mọ̀ pé regbẹ́regbẹ́ kankan wà. Bí o bá kọ owó aṣọ sínú rẹ̀, àwọn ará Ìpẹru ò ní rí i lò. Kí ó so mọ́ database, kí ó gba query (ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ database ní èdè SQL), kí ó dá èsì padà, ó tán. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ní class tirẹ̀.

Páásíwọ́ọ̀dù á wà nínú fáìlì kan tí bíráwúsà ò lè dé; ìgbà tí o bá ń ṣẹ̀dá class ni kí o fi lé e lọ́wọ́. Kí ó má sì so mọ́ database títí query àkọ́kọ́ á fi dé. Ojú ewé tó ń fi fọ́tò hàn lásán ò nílò rẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ nìyí ($sql ni query, $p ni ohun tí ènìyàn tẹ̀):

```
public function run(string $sql, array $p = []) {
    $s = $this->pdo()->prepare($sql);
    $s->execute($p);
    return $s;
}
```

Ohunkóhun tí ènìyàn bá tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, $p ni kó bá wọlé. Má lẹ̀ ẹ́ mọ́ $sql láéláé. Ẹni tó bá tẹ àṣẹ SQL síbi orúkọ, orúkọ lásán ni database á kà á sí. Orúkọ table (àtẹ inú database) kò ṣeé fi ránṣẹ́ báyìí o, ìwọ fúnra rẹ ni kí o kọ ọ́.

Ọmọ Ìsarà, Toronto
Ẹ̀gbọ́n ti là á yé wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ wa, torí ó ń dùn mí tí ìkànnì ọmọ Yorùbá bá sọ Ọ̀ṣọ́ di àmì ìbéèrè. Ẹ kọ charset=utf8mb4 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba àmì wa) sínú DSN, ìlà tó ń sọ ibi tí database wà, kí àwọn table náà sì jẹ́ utf8mb4.

Kò tán síbẹ̀. Lójú wa, lẹ́tà mẹ́ta ni Ọ̀ṣọ́. MySQL á kà á sí márùn-ún, torí àmì ohùn dá dúró. Nítorí náà, ẹ má fún orúkọ ní VARCHAR (àyè ọ̀rọ̀ tó ní ìwọ̀n) tó fún. Kíbọọ̀dù kan lè kọ ẹ kó tó fi àmì òkè lé e, òmíràn á kọ é kó tó fi àmì sísàlẹ̀ sí i. Ojú ò ní mọ ìyàtọ̀, àmọ́ PHP á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Normalizer::normalize ti PHP, tó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan, ló ń yanjú èyí kí orúkọ tó wọlé.

Láti MySQL 8.0, utf8mb4_0900_ai_ci, ìlànà tí MySQL fi ń fi ọ̀rọ̀ wéra, ni wọ́n ń lò bí èèyàn ò bá yan nǹkan kan. Kì í wo àmì rárá. Ó dára fún àwọn àgbà wa tó ń wá orúkọ láìfi àmì sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi UNIQUE (òfin pé ohun kan ò gbọdọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì) sórí orúkọ, Adé á dí Ade lọ́nà. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi UNIQUE sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Dublin
Ẹ ṣé gan-an. Owó ńkọ́? Nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń sanwó pọ̀.

Ọmọ Ṣàgámù, Manchester
Fi beginTransaction (bẹ̀rẹ̀), commit (fìdí rẹ̀ múlẹ̀) àti rollBack (dá a padà) sínú class. Àkọsílẹ̀ owó àti gbèsè tó dínkù gbọ́dọ̀ jọ wọlé, tàbí kí méjèèjì má wọlé. Nínú irú table tí MySQL ní, InnoDB ni kí tìrẹ jẹ́; rollBack ò já mọ́ nǹkan kan lórí MyISAM. Bí PHP rẹ kò bá tíì tó 8.0, tan ERRMODE_EXCEPTION fúnra rẹ, kí àṣìṣe má bàa kọjá láìfọhùn. Inú log (fáìlì àkọsílẹ̀ àṣìṣe) ni kí àṣìṣe lọ, kì í ṣe ojú ọmọ ẹgbẹ́.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Houston
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí class bá ń gba DSN láti ìta, ẹ lè fún un ní sqlite::memory: (database kékeré SQLite, inú ìrántí kọ̀ǹpútà) láti fi dán an wò. Ẹni tó ń bá yín ṣe é nílé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, á lè dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù láìní MySQL, láìní dátà. Kìkì pé ON DUPLICATE KEY UPDATE, àṣẹ MySQL tó ń tún ìlà tó ti wà ṣe, kò sí nínú SQLite, ẹ ṣọ́ irú àwọn query bẹ́ẹ̀.